Kápé Ò Bù Mí Jẹ

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ sọ ajá lórúkọ bí ọmọ,

Àwọn ṣọ́jà ti gbé ìjọba fún alágbádá bí ẹ ṣe ń retí, àmọ́ iná ò tíì dé o. Màámi àti àbúrò mi wà dáadáa. Èmi ni ara mi ò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kápé ni. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mú un wálé láti ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣọ́ ní Ìlúpéjú, tí ọ̀gá yín òyìnbó fi í sílẹ̀ fún yín? Mo sọ fún gbogbo Agége pé àgùntàn tó ń gbó ni. Irun bo ojú ẹ̀ débi pé èèyàn ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ ní iṣẹ́ ìran ẹ̀ ni kó máa da àgùntàn. Kò rí àgùntàn, ló bá ń dà wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á fi imú tì wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣorí kunkun, á fi eyín kàn án ní gìgísẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Kì í jẹun àfi tí gbogbo wa bá pé. Ẹ bá sọ ọ́ ní Kápé.

Bàbá, kò bù mí jẹ.

Mo sá nílé ìwé, mo lọ wo rélùwéè. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún orí ògiri ló ya mí lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo ń fò wọlé. Ẹnu mi tó máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ ló ní ajá bù mí jẹ, pé díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ já. Ẹ ò nà án. Ẹ kàn fà á lọ fún Àlàájì tó ń ta màlúù, ẹ padà dé, ẹ ò jẹun. Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn? Àbí ẹ ti fura? Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí àìsàn fi mú yín lọ.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Àlàájì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú u sílẹ̀ fún mi. Mo jẹ́wọ́ fún Màámi náà. Ìró ìgbájú tí wọ́n fún mi dé Maryland.

Lánàá, Kápé da Màámi wọlé, ó da àbúrò mi, ó dà mí. A gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, kò fẹnu kàn án. Ó padà lọ dúró lẹ́nu géètì. Mo fi kóòmù yín ya irun kúrò lójú ẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kó lè ríran wo ọ̀nà. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un.

Ọmọ yín tó purọ́,
tó jókòó ti ajá yín lẹ́nu géètì.