Epo Tó Ti Lọ Kí A Tó Dé

                                                  Àdúgbò Langoni,
                                                  Lamu,
                                                  Kẹ́ńyà.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wàrà, 2018.

Saumu, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo mọ̀ pé òtútù Nyahururu kì í ṣe ti àwa ọmọ etí òkun. Èmi ò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ara mi ò yá gágá.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: Mwalimu Shekuwe, olùkọ́ wa, ti kú. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni. A sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lórí fóònù ni mo ṣe mú gégé.

O rántí bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ wa: “Epo rọ̀bì ń fẹ́ èròjà, ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ ìkòkò, ó sì ń fẹ́ ọmọrí. Saumu, èwo lo gbàgbé sílé lónìí?” Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń wí pé nígbà tí Madagásíkà ya kúrò lára ilẹ̀ wa, òkun rọ́ sí àlàfo náà, ẹrẹ̀ dúdú rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, odò sì wọ́ yanrìn wá bò ó. Pé epo ń bẹ nínú yanrìn náà. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Lọ́dún yìí ni ilé iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti gbẹ́ kànga síbi tí Mwalimu fàmì sí lójú òkun. Èmi ni wọ́n gbà láti máa yẹ òkúta tí ẹ̀rọ bá ń gbé jáde wò.

Saumu, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan nìyí. Kí a tó gbẹ́ ẹ, mo rí i lára àwòrán abẹ́ ilẹ̀ pé ibẹ̀ ti sán. Ìlà tín-ín-rín kan gòkè láti inú yanrìn, ó la amọ̀ líle tó bò ó bí ọmọrí já. Ògiri tó bá lanu, aláǹgbá á ríbi wọ̀; epo ní tiẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Mo panu mọ́. Jẹjẹrẹ ti dá Mwalimu dúbúlẹ̀ nígbà náà, àwọn náà ló sì kọ́ mi ní ojú tí mo fi rí i. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Àádọ́rin ọjọ́ la lò lójú omi. Ẹrẹ̀ dúdú wà níbẹ̀, ó jinná dáadáa. Yanrìn náà wà, ó nípọn, ó mọ́. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó ti ń retí iṣẹ́ ń wò wá bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté. Ọ̀kan kígbe pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé omi òkun ò tó yín ni, tí ẹ tún lọ ń gbẹ́ kànga sínú rẹ̀?”

Mo bu yanrìn náà díẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e lọ fún Mwalimu. Wọ́n ti rù kan eegun. Wọ́n gbé ìgò sí imú, ojú wọn là.

“Mwanaidi, epo nìyí!”

“Òórùn rẹ̀ ló kù, Mwalimu. Ó ti wà níbẹ̀ rí. Ilẹ̀ tún mì lẹ́yìn náà, ó sì jò lọ.”

Wọ́n wá bi mí bóyá mo rí ìlà yẹn kí a tó gbẹ́ ẹ. Mo ní mo rí i. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n.

“Dìde, jàre. Èmi náà rí i, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Mò ń tan ara mi pé amọ̀ ti dí i padà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí. Ìwọ ni mo ń wò lójú.”

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ náà. Èmi ni wọ́n ń dúró dè! Ká ní mo la ẹnu ni, bóyá à bá ti sún kànga náà síbòmíràn. Ilé iṣẹ́ náà ti kó ẹrù wọn lọ. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Mwalimu kú.

Lánàá, ìyàwó wọn, Bi Mwanakombo, ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ń ká àwọn àwòrán Mwalimu jọ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ogójì ọdún ni ọkọ mi fi kẹ́yìn sí mi, tó kọjú sí òkun. Sọ òótọ́ fún mi. Ohun tó ń wá yẹn, ṣé ó wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Ó wà níbẹ̀ rí, ìyá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. A pẹ́ dé ni.”

Wọ́n ń ká ìwé lọ. “Ó pẹ́ dé síbi ìgbéyàwó wa náà,” wọ́n ní. “Mo dúró dè é.” Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ìbejì lórí fún mi. Bí àyè bá yọ, wá kí ìyá. Wọn ò béèrè ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ.

                                                  Èmi tìrẹ náà ni,
                                                  Mwanaidi.