Mo Ti Kọ́ Ṣòkòtò Yìí Bí A Ṣe Ń Pọn Ọmọ

Tẹjúmádé, Àbẹ̀kẹ́ mi, o kú ewu ọmọ. Bí o ṣe fi ayọ̀ bí i, ayọ̀ náà ni wàá fi tọ́ ọ. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ tí wọ́n ń bá ọ wẹ ọmọ ńkọ́? Dáadáa ni gbogbo wa wà ní Ìlá, bàbá rẹ ti kó iṣu wálé láti oko Ọ̀rà.

Ọláníyì, àbúrò ọkọ rẹ, ti mú ṣòkòtò ẹlẹ́rọ tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Ó dè é mọ́ mi ní ìbàdí àti itan, ó ní ṣòkòtò náà yóò máa kọ́ bí mo ṣe ń rìn, bó bá sì ti mọ̀ ọ́n, yóò máa bá mi gbé ẹsẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, mo rìn o. Èmi tí orúnkún ò jẹ́ kí n dé ojúde láti èṣí, mo rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láì di ẹnikẹ́ni mú. Abẹ́ ìró ni mo wọ̀ ọ́ sí, torí ìyá ìjọ kì í wọ ṣòkòtò.

Ẹ̀kọ́ ilé nìkan ni kò ní. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá Bernice, àgbà ìjọ wa, wọn ò tíì wúre tán tí ṣòkòtò ti gbé mi dìde fùú. Màmá ní ṣé mo ti wá ju ẹni tí wọ́n ń wúre fún lọ ni. Mo délé, mo bá ṣòkòtò wí, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ láràárọ̀, tí mò ń pẹ́ nílẹ̀, kó lè yé e. Bàbá rẹ ní kí n má tíì dáwọ́ ẹ̀kọ́ náà dúró.

Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ ìrìn ọwọ́ òfo nìkan ló mọ̀, ọjọ́ tí mo bá pọn ọmọ ńkọ́? Ni mo bá fi ọ̀já di iṣu ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn, mò ń rìn yíká àgbàlá, mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kí ṣòkòtò lè gbọ́. Rùkáyátù ará ilé kejì sáré lọ pe bàbá rẹ, ó ní orí mi ti dàrú. Mo bá ìrìn mi lọ, iṣu mi ò sì já bọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́. Ọláníyì ní kí n máa bọ́ ṣòkòtò náà bí mo bá fẹ́ jókòó pẹ́, n ò sì lè sọ ohun tó lẹ́sẹ̀ sínú búùtù bí ẹrù, àyè ẹnì kejì ni yóò jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí mo gbọ́ pé o bí, ẹkún ni mo sun, mo ní ọmọ tí mo bí bímọ, n ò sì ní lè wẹ ọmọ náà. Kí Ọlọ́run dá Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ rẹ sí fún wa, kí ó bá ọ kalẹ́. Bẹ ìyá ọkọ rẹ fún mi kí wọ́n má bínú, àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ ẹ́ o. Mò ń bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́ fúnra mi, kí n sì pọ̀n ọ́n sùn.

Èmi ni ìyá rẹ.