Oòrùn Sàba Lé Ẹyin Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ara mi le, oorun nìkan ni kò tíì mọ́ mi lára lórí ibùsùn tó ti wá fẹ̀ jù fún ẹnì kan. Ọlọ́run tó dá wa sí lẹ́yìn bàbá rẹ yóò máa ṣọ́ ọ níbi gbogbo tí o bá gbé ẹsẹ̀ sí. Má bínú pé o ń pe fóònù mi tí kò wọlé. Èmi ni mi ò fi sí iná. Mo rò ó pé bí fóònù bá ń bá ẹyin inú àpótí jẹ iná nínú abọ́ kan náà, ẹyin kò ní yó. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá o. Ẹyin tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò sínú àpótí oníná tó ń sàba, kó tó lọ, èyí tí mo ṣèlérí fún ọ níbi ìsìnkú pé n kò ní jẹ́ kó bàjẹ́, ó ti pa!

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Nígbà tí owó rẹ dé pé kí n fi wá iná tí kò ní máa ṣẹ́jú bíi ti ìjọba, àbúrò bàbá rẹ, Mo-ti-wí, ló kọ́kọ́ yọjú. Ó ní, ìyàwó wa, jẹnẹrétọ̀ òun ni kí n rà, ṣé oòrùn yóò tún máa wá ṣiṣẹ́ alẹ́ fún mi ni? Mo ní ṣé ó ti rí adìyẹ tó sàba rí, tó ń pariwo, tó tún ń rú èéfín nídìí? Bí mo ṣe yan sola àti bátìrì nìyẹn, nítorí wọ́n dákẹ́ bí adìyẹ tó mọ ohun tó ń ṣe.

Oníṣẹ́ iná gbé sola sórí òrùlé ilé adìyẹ, ó ní ibẹ̀ loòrùn ti ń mú jù. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Bátìrì náà, mo máa ń kí i láràárọ̀ pé ó kú iṣẹ́ òru, nítorí ọmọlúàbí kì í rí òṣìṣẹ́ kó dákẹ́.

Àfi bí iná àpótí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ojú ẹni tí oorun ń kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó sì kú fin-ín. Mo bẹ bátìrì, mo bú u, mo bi í pé kí ni mo fi dù ú. Mo-ti-wí ti gbọ́, ó ti ń fi bárò ti jẹnẹrétọ̀ bọ̀, ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ti wí. Mo ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná. Ó gun òrùlé, ó wá ní, Màmá, ta ló wọ aṣọ fún sola?

Ọmọ mi, èmi náà ni. Aṣọ bàbá rẹ ni mo fọ̀ láàárọ̀. Níbo ni n bá tún sá a sí, nígbà tí oníṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ ní ibẹ̀ loòrùn ti ń mú jù? Ẹ̀wù rẹ̀ ńlá nà gbalaja síbẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń nà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Oníṣẹ́ iná jù ú sílẹ̀ fún mi, ó gbóná bí ara ènìyàn. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo fi wé àpótí ẹyin, mo sì gbá a mọ́ra títí bátìrì fi jẹun yó, tí iná fi padà. Aṣọ tó fẹ́ pa wọ́n ló gbà wọ́n là.

Láàárọ̀ àná ni mo gbọ́ pío-pío! Igbe tí mo ké, ó jọ pé èmi ni mo bí wọn. Mo-ti-wí sáré dé, ó wo inú àpótí, ó ní ṣebí òun ti wí pé wọ́n á pa. Mo jẹ́ kó wí i. Àkùkọ wa kúkú ti fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣe ibùsùn. Ọ̀kan kọ̀ kò jáde nínú èèpo títí oòrùn fi kan àtàrí, gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣe mí níjọ́ ìkúnlẹ̀. Tìrẹ nìyẹn.

Jọ̀wọ́, fi owó oúnjẹ wọn ránṣẹ́, kí o sì fi ti okùn ìsáṣọ kún un, kó gùn dáadáa, nítorí aṣọ bàbá rẹ ṣì kù nílẹ̀, oòrùn ilé wa sì ti rí iṣẹ́.

Iná rẹ kò ní kú. Ẹnikẹ́ni kò ní sá aṣọ bo oòrùn rẹ, ìbáà ṣe ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Èmi ìyá rẹ, abiyamọ tuntun.