Páìpù Oníhò Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Wa

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná nìyí, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé: bàtà Ìyá àgbà ẹsẹ̀ kan tó léfòó lórí omi, adìẹ kan tó gun orí odó, òkúta wẹ́wẹ́ tí a fi bo páìpù rẹ tí omi bò mọ́lẹ̀, àti alángbá kan tó nà gbalaja sí ẹnu páìpù náà lọ́hùn-ún lẹ́bàá gọ́tà, tí ara rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé omi ò gba ibẹ̀ jáde rí. Mo wo alángbá, mo wo omi, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi.

Mi ò tíì kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ohun tó ń wá ọ kò ní rí ọ, ohun tí ìwọ ń wá kò ní sá fún ọ.

O mọ̀ pé bíríkìlà wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-dọ̀la, ló sọ pé gbòǹgbò igi máńgòrò ló dí gọ́tà àtijọ́ tí omi fi ń yà wọ yàrá Ìyá àgbà, pé ká gé igi náà. Ìyá àgbà ní bàbá bàbá rẹ ló gbìn ín, ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó kọ́kọ́ gé àwọn. A ní kí wọ́n kúrò ní yàrá nígbà náà, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan.

Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn nígbà tí ẹrù rẹ dé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tú páìpù, àánú rẹ ṣe mí. Ihò ló kún ara rẹ̀. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ, wọ́n ta páìpù tí kòkòrò ti jẹ fún un, wọ́n wá fi aṣọ funfun bò ó kó má baà rí i. Mi ò sọ fún ọ kí o má baà banú jẹ́. Mo bọ́ aṣọ náà, mo yọ́ àbẹ́là, mo fi dí àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó rì í mọ́lẹ̀. Aṣọ náà rí bí ìbọ̀sẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo gé e sí méjì, Ìyá àgbà wọ̀ ọ́ kọjá orúnkún.

Má sọ pé mi ò wo fídíò tó o fi ránṣẹ́. Mo kí ọkùnrin inú rẹ̀, kò dáhùn. Mo bi í pé kí la máa ṣe sí páìpù tó níhò, ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ó-dọ̀la ní bóyá mi ò pariwo tó. Mo pariwo. Ni nǹkan róbótó kan bá bẹ̀rẹ̀ sí yí lójú ọkùnrin náà, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo tọrọ àforíjì, mo pa fóònù. Ike líle tó o ní ká rì sáàárín igi àti páìpù kí gbòǹgbò má baà kọjá, mo rì í, mo sì sọ fún igi pé kì í ṣe ìjà.

Láàárọ̀ àná yẹn, Ó-dọ̀la dé, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ìyá àgbà wá sọ látorí bẹ́ẹ̀dì pé ilé tí a ò yọ ilẹ̀kùn sí, ibo la fẹ́ kí àlejò gbà wọlé. A hú gbogbo rẹ̀, mo fi ìṣó yọ àbẹ́là kúrò. Ó-dọ̀la ní páìpù gbọ́dọ̀ wọ aṣọ rẹ̀ padà kí ẹrẹ̀ má baà dí i. Ìyá ní páìpù ò mọ òtútù, àwọn mọ̀ ọ́n. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó bọ́ ọ, mo rán ibi tí mo gé, a kó òkúta yí i ká.

Òjò tún dé nírọ̀lẹ́. Omi ń tú jáde lẹ́nu páìpù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò yé mi síbẹ̀: ihò tí omi gbà wọlé, kí ló dé tí kò gbabẹ̀ jáde? Òrùlé ilé ìdáná ń jò. Ṣé kí á lu ihò sí i ni? Tètè fèsì, Ó-dọ̀la ti gbé àkàbà wá.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òkúta tó kù, àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fún Ìyá. Fi rán awakọ̀, má fi sínú fóònù, omi lè wọ ọ́. Èmi ìyá rẹ ní bí omi ṣe rí ọ̀nà nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà á máa rí ọ̀nà.

Lálẹ́ àná, Ìyá àgbà na ọwọ́ sílẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ pa ilẹ̀, wọ́n ní ó gbẹ, pé kí n kúrò lórí àga tí mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni mo fẹ̀yìn lélẹ̀ ní yàrá tèmi.