Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Òjò

                                        Ilé alájà méjì,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́,
                                        9 oṣù kẹrin.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ ní gbogbo ìgbà tí o bá ní o fẹ́ lọ wo ilé ìyá wa lórí òkè. Tí o bá dárúkọ oṣù kan, màá ní omi ti gbé afárá lọ. Tí o bá sún un síwájú, màá ní ọyẹ́ ti bo ọ̀nà, awakọ̀ ò ríwájú. Tí o bá tún sún un, màá ní oòrùn á dá ọ dùbúlẹ̀. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìmọ̀ yẹn náà ni mo fi rẹ́ àbúrò mi jẹ. Olùkọ́ yẹ̀yẹ́.

Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jà? Ojú rẹ wá ńkọ́? Ọmọ rẹ ní dókítà sọ pé ó ń ṣú sí i, àti pé o fẹ́ rí yàrá ìyá wa kí ojú náà tó kọ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jókòó.

Ọmọ rẹ tún ní oṣù keje lẹ máa lọ, torí owó ọkọ̀ máa ń já wálẹ̀ nígbà náà. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó já a wálẹ̀. Ó kàwé títí, kò lè gbójú sókè wo sánmà. Mo bá wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ìrìn àjò nísàlẹ̀ ilé wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó fún táì mọ́rùn bíi pé ẹnì kan ń fà á láti òkè. Mo ní ṣé ọ̀nà orí òkè ṣeé gbà lóṣù keje.

“Kò síṣòro, Baba. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Ó máa ń tu èèyàn lára.”

“Ṣé o ti débẹ̀ rí?”

“Rárá o, sà. Àmọ́ àwọn oníbàárà wa máa ń gbádùn ẹ̀.”

“Èwo nínú wọn lo ti rí tó padà dé?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní bébà tí wọ́n ya òkun sí. Òkun, lórí òkè. Èyí kì í ṣe irọ́ o: lóṣù keje, ọkọ̀ á rì sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ dé ìlẹ̀kùn, ìwọ tójú ń dùn ni wọ́n á sì ní kó o sọ̀kalẹ̀ wá fẹsẹ̀ rìn.

Oṣù kọkànlá ni kó o lọ. Òjò á ti dá, ilẹ̀ á ti le, ọyẹ́ ò ní tíì kó eruku dé. Láàárọ̀, láti ojú fèrèsé ìyá wa, wàá rí odò nísàlẹ̀ kedere. Oṣù kọkànlá lèmi náà máa ń lọ, lọ́dọọdún. Ìwọ ni ìyá wa fi yàrá náà sílẹ̀ fún, èmi ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi síbẹ̀, tí mo to ìwé mi yí ògiri ká. Mi ò fẹ́ kó o wá bá mi níbẹ̀, ni mo ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru sánmà.

Mo ti lọ kó ẹrù mi kúrò. Mo gbálẹ̀, mo nu fèrèsé.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ọmọ rẹ tó mú lẹ́tà yìí wá ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ lọ́wọ́. Gbà á. Òun kan ṣoṣo ló wà, tí o bá sì débẹ̀, má dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi kó o tó ṣílẹ̀kùn.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ̀bi,
                                        Tíṣà.