Bàbá Kàsúmù Ní Mo Mú Àwọn Dọ̀bálẹ̀

Etí Omi, Ọ̀jọ́,
Oṣù Keje, 1956.

Adébímpé, ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ékòó,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ ilé-ìwòsàn yẹn ń bá ọ lára mu? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín àwọn aláìsàn kò ní í jẹ́ kí àìsàn mọ ilé rẹ. Ara èmi àti ìyá rẹ le, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òjò sì ti mú kí ọ̀sà kún dé ìdí àgbọn tí mo ti ń gbẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, inú náà ló sì mú mi mú gègé lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí o kọ́ mi lọ́dún Àjíǹde ló fà á. O ní kí n kọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ bí a ṣe ń mú kí ẹni tí omi gbé máa mí padà, o sì fi bébà aláwòrán sílẹ̀ fún mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọkùnrin mẹ́rin ló dojú bolẹ̀ níbẹ̀, wọ́n jọra wọn gan-an, mo sì bá ìdílé náà kẹ́dùn pé omi gbé ọmọ ìyá mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n tún ta ọfà mọ́ wọn lẹ́yìn àti lápá. N kò mọ irú ọdẹ tó ń ta ẹni tí omi ti gbé lọ́fà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tèmi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Bàbá Kàsúmù ń ti Ìjànìkín bọ̀ nínú ọkọ̀ Wàhábì. Wàhábì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jókòó. Wọ́n ní ọmọ àná kò lè kọ́ àwọn bí a ṣe ń wọkọ̀, wọ́n dìde láti wá aṣáà nínú àpò, wọ́n sì já sómi. Nígbà tí Wàhábì fi máa gbé wọn dé èbúté, wọn kò mí mọ́. Sàlàkọ́ apẹja ti di ẹsẹ̀ wọn mú, ó ní kí a sorí wọn kodò kí omi ṣàn jáde bí ti akèrègbè. Ẹlòmíràn ní kí a fi èéfín ata sí wọn nímú. Mo pariwo pé kí gbogbo wọn kúrò níbẹ̀. Ọdún méje ni mo fi kọ́ ọkọ̀ gbígbẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì mọ̀ pé bí a bá ṣe kọ́ iṣẹ́ là á ṣe é.

Mo dojú wọn bolẹ̀. Mo fi ìka yọ iyanrìn kúrò lẹ́nu wọn. Mo ká apá wọn, mo fi ọwọ́ kan lé èkejì, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lé e, mo sì kúnlẹ̀ síwájú orí wọn. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sí ẹ̀yìn wọn nísàlẹ̀ egungun èjìká, mo na apá gbọọrọ, mo fi ìwúwo ara tẹ̀ síwájú jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ jáde. Mo fà sẹ́yìn, mo di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, mo gbé e sókè títí ó fi le díẹ̀, mo sì dá a padà. Afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ẹni ń fi ẹwìrì fẹ́ná ni. O ní ìgbà méjìlá ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n n kò ní aago, orin tí a fi ń ti ọkọ̀ tuntun sómi ni mo fi wọ̀n ọ́n, gbogbo èbúté sì ń gbè é.

Nígbà tó di ogójì, wọ́n wúkọ́, wọ́n lajú. Orúnkún mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Adébímpé, omi kò tíì tán lẹ́nu wọn tí wọ́n fi bèèrè pé ta ló ní kí àwọn dọ̀bálẹ̀ fún èmi Àtàndá, ọmọ tí wọ́n bí ṣojú àwọn!

Ṣé bí a ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn? Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí lẹ́jọ́ níwájú àwọn àgbà. Wọ́n ní àwọn fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, síbẹ̀ mo mú àwọn dọ̀bálẹ̀, mo fọwọ́ lé àwọn lẹ́yìn bí àgbà tó ń súre fún ọmọdé, lógójì ìgbà, pẹ̀lú orin. Wọ́n ní èyí tó dun àwọn jù ni pé n kò tilẹ̀ ní kí àwọn dìde. Mo bèèrè pé ta ni ǹ bá sọ fún, nígbà tí ẹ̀mí wọn kò sí nílé? Wọ́n ní mo tún ń rí àwọn fín.

Gbọ́ ìdájọ́ àwọn àgbà: ọmọdé kò gbọdọ̀ tẹ àgbà lẹ́yìn mọ́, àgbà nìkan ni kó máa tẹ ọmọdé. Ara mi gbóná. Mo ní òjò ti dé, ọkọ̀ ń kún, omi kì í sì í bèèrè ọjọ́ orí. Mo ní ta ni yóò wá tẹ Bàbá Àjàní tó dàgbà jù ní Ọ̀jọ́, ṣé kí a lọ jí bàbá wọn ní sàréè ni? Bàbá Àjàní tó ti ń mi orí sí ìdájọ́ náà ò mi orí mọ́.

Ìyá rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò pè, ló dá sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ẹni tó bá dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ta ló ń kí? Bàbá Àjàní ní oorun nirú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sùn, kò kí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe yí ìdájọ́ padà nìyẹn: wọ́n ní kí ẹní kan wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa kọ́ gbogbo ènìyàn ní Sátidé.

Bàbá Kàsúmù ní àwọn ni kí n kọ́kọ́ kọ́, èmi ni kí n sì dojú bolẹ̀, lórí iyanrìn, láìsí ẹní. Mo gbà nítorí ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n tẹ̀ mí lógójì ìgbà, wọ́n ń kà á sókè. Nígbà tó pé, wọ́n fi ohùn rara ní kí n dìde, kí gbogbo èbúté lè gbọ́ pé àwọn mọ ìwà hù. Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ n kò ní í purọ́ fún ọ: apá wọn nà gbọọrọ, wọn kò kánjú, ibi tó yẹ gan-an ni wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ mi dé. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó wọn. Bí omi bá gbé mi lọ́la, àwọn ni kí ẹ sáré pè. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó ẹní ránṣẹ́, kí o fi ti ọṣẹ kún un nítorí agbádá mi tó kó iyanrìn. Bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ pẹ̀lú bóyá ọkùnrin kẹrin inú bébà náà yè, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán parí sí, ìyá rẹ kò sì jẹ́ kí n sinmi. Bí o ṣe ń dá ẹ̀mí ẹlòmíràn padà, ẹ̀mí tìrẹ kò ní í ṣáko. Bí o bá ń bọ̀ wálé, jókòó sínú ọkọ̀, má dìde wá ohunkóhun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àtàndá agbẹ́kọ̀.