Orúkọ Ọmọ Náà Kúrú Jù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìkókó wa ńkọ́? Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run tó fún wa ni yóò bá wa wò ó. Ìyá rẹ ń kí yín, ìrora orúnkún rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òrùlé ìsọ̀ mi tó ń jò sórí pákó náà, mo ti dí i.

Mo gbọ́ pé Ben lẹ sọ ọmọ. Orúkọ náà dára, àmọ́ kí n tó lanu tán, ó ti parí. Mo gbé e tọ tíṣà àdúgbò wa lọ, ó bi fóònù rẹ̀ léèrè, fóònù ní ọmọkùnrin ló ń jẹ́ ní èdè kan, ṣóńṣó òkè ni ní òmíràn, ní ẹ̀kẹta, "èmi" ni. Mo ní kó bi í èwo gan-an lòótọ́, fóònù ní gbogbo rẹ̀ ni. Fóònù yẹn kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà.

Tí mo bá pè é níbi tó ti ń jẹ́ ọmọkùnrin, gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò ló máa dá mi lóhùn. Níbi tó ti ń jẹ́ èmi, wọ́n á ní bàbá arúgbó ń pe ara rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì, ẹ sọ fún akọ̀wé pé ti ọmọkùnrin la mú o, kó má lọ kọ òkè sílẹ̀ fún wa. Tíṣà tún ní ara orúkọ gígùn kan, Bẹ́njámíìnì, ni wọ́n ti máa ń gé e. Ìyókù dà? Káfíńtà ni mí, mi ò kì í da àgékù nù. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ó lè wúlò fún àbúrò rẹ̀.

Mo pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ọmọ ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Tíṣà ní fọ́tò kì í gbọ́ràn. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ yìí má lọ dàgbà láìmọ ohùn mi.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, owó mọ́tò ni o, èmi àti ìyá rẹ fẹ́ wá. Ọlọ́run á bùkún yín, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ, orúkọ rẹ̀ á rò ó síre.

Tí a bá dé, kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ẹ jẹ́ kí èmi pè é láti ẹnu ọ̀nà. Tó bá ti yíjú sí mi báyìí, mi ò ní béèrè ìtumọ̀ mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.